Àlàfo Tí Bàbá Fi Sílẹ̀ fún Afẹ́fẹ́

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà mi sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, àti pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló fẹ́ràn jù láyé. Mo tún un kà kí ó lè dá mi lójú pé òkú tiwa ni wọ́n ń sọ. Bàbá tí èmi mọ̀, Joṣúà Oyèdòkun ti Fìdítì, tíṣà iṣẹ́ ọ̀gbìn tó ti fẹ̀yìn tì, a máa lu agogo idẹ pẹlẹbẹ kan tí ariwo rẹ̀ ń lé ẹyẹ kúrò lórí igi ọsàn. A máa dé fìlà kan tí ìrù funfun gígùn wà ní téńté rẹ̀, á sì máa yí orí títí ìrù náà yóò fi máa fò yí i ká bí fáànù. Ní ti ìjà, ẹyọ kan péré ló ní, ṣùgbọ́n ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá bèèrè fún ìsìnkú rẹ̀. Kò bèèrè pósí aláràbarà, kò bèèrè màlúù. Ó ní kí a lu ìlù òun, kí Afẹ́fẹ́ sì dún níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni orúkọ agogo ńlá kan tó ti wà tipẹ́ nílé Bàbá Adéjàre, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó sì fi kún un pé ọmọ tó bá lọ tọrọ agogo náà lọ́wọ́ Adéjàre, kí ó wá bàbá mìíràn. Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn níṣẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìlù náà ti wá, nítorí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Kòríà ló ni ín. Púngmúùlù ni wọ́n ń pè é, ìlù àti ijó pọ̀: bí wọ́n ṣe ń lù ni wọ́n ń rìn yípo, bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n ń fò. Wọ́n ń lù ú nígbà tí wọ́n bá ń gbìn, nígbà tí wọ́n bá ń roko, nígbà tí wọ́n bá kórè, àti nígbà ọdún tuntun. Ará Kòríà kan tó wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìrẹsì gbíngbìn ní àbàtà kan lẹ́bàá Akínmọ̀ọ́rìn ló gbé e wá. Ọ̀gbẹ́ni Pák ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n gba Bàbá láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀gbẹ́ni Pák kò tó nǹkan, Bàbá kò sì gbọ́ èdè Kòríà rárá, ṣùgbọ́n èyí kò dí ìtumọ̀ lọ́wọ́. Màmá àgbà, ìyàwó Bàbá, sọ fún mi pé bí àlejò náà bá sọ gbólóhùn kan, Bàbá á túmọ̀ rẹ̀ sí odindi ìwàásù.

Nírọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ bá parí, Ọ̀gbẹ́ni Pák á gbé nǹkan mẹ́rin jáde. Agogo idẹ kékeré tí aṣíwájú ń lù ni àkọ́kọ́. Ó ní ààrá nìyẹn. Agogo ńlá tó fẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ ni afẹ́fẹ́. Ìlù olójú méjì tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òjò. Èyí tó rí roboto bí àgbá ni ìkùukùu. Kò sí ohun tí àgbẹ̀ ń wojú ọ̀run fún ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí Bàbá fi gba ìlù náà bí ẹni gba ìhìnrere. Nígbà tí iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pák parí, tó ń lọ sílé, ó kó gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, tìlù tagogo tòun ti fìlà onírù. Bàbá ní nítorí pé òun mọ̀ ọ́n lù ju gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù lọ ni. Màmá ní nítorí pé ẹrù ọkùnrin náà ti wúwo jù fún ọkọ̀ òfúrufú ni. Mo ti gbé agogo ńlá yẹn rí. Ti Màmá ni mo fara mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ pé kò sí ẹni tó mọ púngmúùlù tó òun ní gbogbo Afijió. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, mo sì rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ń lù ú. Màmá ló dá a lóhùn lọ́jọ́ kan níwájú àlejò: "Ẹni tó bá nìkan sáré, òun náà ló gbé ipò kìíní, òun náà ló gbẹ́yìn."

Ṣùgbọ́n Màmá alára wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń lu Ìkùukùu. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ, pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò lù ú ni. Múfú ọlọ́kadà, ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn tó ti bá Ọ̀gbẹ́ni Pák ṣiṣẹ́ ní àbàtà, ló ń lu Òjò. Mùsùlùmí ni, ó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kì í pẹ́ dé ibi ìdánrawò. Bàbá ló ń fi Ààrá ṣe aṣíwájú. Bàbá Adéjàre, káfíńtà, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, ọ̀rẹ́ Bàbá láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ni Afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í dún púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ á sì máa lọ jìnnà, àwọn yòókù á wá máa kó ariwo tiwọn sínú rẹ̀. Bàbá ní ẹni tó ní sùúrù ló yẹ kó máa lù ú. Màmá ní ẹni tó ya ọ̀lẹ ni. Bàbá Adéjàre ní àwọn méjèèjì ń jowú òun.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń dánra wò lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá rí Bàbá nígbà náà yóò rò pé orin ni a bí i mọ́, títí yóò fi gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ké. Orúnkún náà ti ń dà á láàmú tipẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó fi fìlà yíyí sílẹ̀, kó máa jókòó lu ìlù. Bàbá wo obìnrin náà tàánútàánú. Ó ṣàlàyé fún un pé àwọn aláìmọ̀kan ló ń rò pé ọrùn ló ń yí ìrù fìlà. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba, kó dìde, kó tẹ̀ ba, kó dìde, ìgbà náà ni ìrù yóò tó yí. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn, pé kó má tẹ̀ ba mọ́. Bàbá fún un ní èsì tó fi parí gbogbo ìtọ́jú orúnkún rẹ̀: "Ọmọ mi, bí n kò bá tẹ̀ ba, kí ni mo fẹ́ fi dìde?"

Ìjọ kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú ìlù yìí. Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa ń gbé dìde. Ohun tó kan Pásítọ̀ lára jù ni ti ọdún tuntun. Bàbá ti gbọ́ lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Pák pé nílẹ̀ àwọn, bí ọdún bá yí, àwọn onílù á máa lọ láti ilé dé ilé, wọn á máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kì kì kì nínú àgbàlá, nínú ilé ìdáná, lẹ́bàá kànga. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n tẹ ilé Pásítọ̀ pẹ̀lú. Pásítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Oyèdòkun, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ títẹ̀ yìí?"

Bàbá kò tilẹ̀ mí kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Eku la ń lé, Pásítọ̀."

Àwọn ará ìjọ gba èyí tọkàntọkàn. Ta ni kò ní eku nílé? Ọ̀pọ̀ wọn ló tilẹ̀ wá ń bẹ Bàbá pé kó jọ̀wọ́, kó tẹ̀ dé ibi tí àwọn kó gàrí sí. Èmi ni mo lọ kàwé nípa rẹ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo rí i pé kì í ṣe eku rárá. Àwọn ẹ̀mí tó ń gbé inú ilẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń tẹ̀, kí wọ́n má bàa da ọdún rú. Mo wá bá Bàbá nígbà ìsinmi.

"Bàbá, kì í ṣe eku ni wọ́n ń tẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá sọ fún Pásítọ̀ pé eku ni."

"Ṣé ó ti rí eku láti ọjọ́ náà?"

Mo sọ fún un pé ní oṣù yẹn gan-an ni ìyàwó Pásítọ̀ gba ológbò, àti pé kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ló lé eku tàbí ológbò. Bàbá mirí bí ẹni tó ń káàánú owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n gba ológbò? Mo ti tẹ ibẹ̀."

Ohun mìíràn tún wà. Nínú púngmúùlù, bí ijó bá dùn dé góńgó, ẹnì kan á ké "Ọ́lùsúù!" láti fi kí àwọn onílù kú iṣẹ́, bí ìgbà tí a bá ní "Ó dára bẹ́ẹ̀!" Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ ké e nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àmín!" Kò sí ẹni tó tọ́ wọn sọ́nà. Láti ọjọ́ náà, "Ọ́lùsúù" ti di apá kan nínú ìsìn ní Fìdítì, ó sì ń rí ìdáhùn tó gbóná ju àdúrà ìyá ìjọ lọ.

Mo ti ń yẹ ìjà náà sílẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ Ìkórè ló ṣẹlẹ̀. Kí ó tó yéni, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyàwó Bàbá Adéjàre ti kú tipẹ́, pé ó ti ń wá ẹlòmíràn, àti pé opó kan láti Ìlọrà tí à ń pè ní Ìyá Fúnmi wá bá wa ṣe Ìkórè lọ́dún náà. Ìjókòó iwájú ni wọ́n fi í sí. Bàbá Adéjàre wọ agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó dé fìlà tó bá a mu, irun tó yọ lábẹ́ fìlà náà sì dúdú kirikiri bí ti ọmọ ogún ọdún. Wọ́n jáde lu ìlù níwájú pẹpẹ, láàárín ìdìpọ̀ iṣu àti òkìtì ọsàn. Ìlù dùn. Ó dùn débi pé nǹkan tó máa ń ṣe wá nílẹ̀ yìí bí orin bá dùn ṣe Bàbá Adéjàre. Ó fẹ́ lẹ owó mọ́ aṣíwájú níwájú orí.

Ní Kòríà, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti dán irú ẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Pák kò kìlọ̀ fún wọn nípa rẹ̀, nítorí kò lè wá sí i lọ́kàn pé èèyàn yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síwájú orí tí ìrù ń yí ká. Ṣùgbọ́n Bàbá Adéjàre ti ṣe ìṣirò. Afẹ́fẹ́ kì í dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìyípo. Ó lè lu tirẹ̀, kí ó fi ọ̀pá rẹ̀ sábẹ́ abíyá, kí ó jó dé iwájú Bàbá, kí ó lẹ owó náà kí Ìyá Fúnmi rí i, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀ kí ìyípo mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ronú sí ìṣirò yìí dáadáa. Ní ti àkókò, ó péye. Ti fìlà ni kò sí níbẹ̀.

Ìrù funfun náà ká fìlà Bàbá Adéjàre mọ́ra bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Ó ṣí i kúrò lórí, ó gbé e yí ìjọ ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ ọ́ sórí òkìtì ọsàn. Ohun tí fìlà ń bò wá hàn. Eteetí nìkan ni Bàbá Adéjàre ń fi ọ̀dà irun kùn, ibi tí ojú èèyàn lè tó. Gbogbo àárín orí funfun báláú. Ó dà bí àwo tánńganran tí èédú wà létí rẹ̀.

Ìjọ tó ti ń sùn láti ìgbà ìwàásù jí. Ẹ̀rín náà ga. Ìyá Fúnmi fi ìborùn nu omi ojú. Àwọn ènìyàn yìí ì bá sì rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n gbàgbé, bí Bàbá bá ti dá ìlù dúró kó gbé fìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un. Bàbá kò dá a dúró. Ó tẹ̀ ba, ó dìde, ó wo orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó wá ké pé, "Ọ́lùsúù!"

Gbogbo ìjọ ní, "Àmín!"

Bàbá Adéjàre mú fìlà rẹ̀ láàárín ọsàn. Ó gbé agogo ńlá náà kọ́ èjìká. Ó gba ẹnu ọ̀nà àárín jáde, kò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Kò fẹ́ Ìyá Fúnmi. Àwọn kan ní orí aláwọ̀ méjì ló tú ọ̀rọ̀ náà ká. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà ti ní èrò tirẹ̀ kí ó tó kúrò ní Ìlọrà. Ohun tó dájú ni pé Bàbá Adéjàre rán àgbààgbà ìjọ wá sílé wa, pé ẹ̀bẹ̀ kan péré ni òun ń fẹ́. Kì í ṣe nítorí fìlà, nítorí igbe yẹn ni. Bàbá fún wọn ní ọsàn jẹ, ó gbọ́ wọn tán. Ó ní ibi tí igbe náà wà nínú ìlù gan-an ni òun ti ké e, kò sí àfikún níbẹ̀. Wọ́n ní fìlà ńkọ́? Ó ní, "Fìlà mi ló ṣí fìlà rẹ̀. Kí fìlà mi lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹgbẹ́ wá ku ààrá, òjò àti ìkùukùu. Ojú ọjọ́ tí kò ní afẹ́fẹ́, àgbẹ̀ kankan kì í fọkàn sí i. Múfú mú ríìmù ọ̀kadà kan wá, ó ní bí a bá so ó rọ̀, yóò dún. Bàbá kọ̀. Ìjọ ní kí ó lo agogo Sọ́ńdè Sukúù. Ó kọ̀. Màmá ní ọmọrí ìkòkò ìsebẹ̀ òun ń bẹ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ó pàṣẹ fún wọn pé bí wọ́n bá ti dé ibi tí Afẹ́fẹ́ ti yẹ kó dún, kí gbogbo wọn gbé ọwọ́ dúró lókè, kí ẹsẹ̀ kan má kanlẹ̀, kí wọ́n dákẹ́ fún ìwọ̀n tí ohùn agogo náà ì bá fi lọ, kí wọ́n tó máa bá ìyókù lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lù ú ní gbogbo Ìkórè láti ìgbà náà, àlàfo kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìjọ rò pé bí wọ́n ṣe ń lù ú ní Kòríà nìyẹn. Àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sukúù ń fi ẹsẹ̀ kan dúró bí lékeléke láti fi sín wọn jẹ. Pásítọ̀ wàásù lórí rẹ̀, ó ní àwọn ará Kòríà mọ iyì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa, ó sì rọ àwọn ẹgbẹ́ akọrin kí wọ́n kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé ìsìnkú ti rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó ní Bàbá fẹ́ràn. Bàbá Adéjàre wà lórí àga àwọn díákónì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó ń gbọ́ àlàfo náà, ojú rẹ̀ á sì wà lára fèrèsé.

Nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán tí mo padà sílé, Bàbá ní kí n wá máa kọ́ Ààrá, nítorí orúnkún òun ti ń bèèrè fún ìfẹ̀yìntì. Kí n lè mọ̀ ọ́n dáadáa, mo wo fídíò àwọn ará Kòríà lórí fóònù, ọ̀pọ̀lọpọ̀, láti oríṣiríṣi abúlé. Mo wá àlàfo náà. Mi ò rí i. Mo tún wá ibi tí "Ọ́lùsúù" yẹn ti yẹ kó wà. Òun náà kò sí níbi tí Bàbá fi í sí. Mo gbé fóònù lọ bá a lábẹ́ igi ọsàn.

"Bàbá, àwọn wọ̀nyí kì í dákẹ́ níbẹ̀."

Ó wo fóònù náà, ó jẹ́ kí ẹni tó ń lu agogo ńlá lù ú tó. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sí àlàfo kankan ní Kòríà."

"Báwo ni yóò ṣe wà? Ṣé Adéjàre gbé tiwọn lọ ni?"

Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó ti fóònù padà sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nu agogo kékeré náà, bẹ́ẹ̀ ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò wò mí nígbà tó wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gbogbo Ìkórè ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Ṣé adití ni?"

Bàbá kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, kí òjò náà tó rọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òkú gbọ́ ikú lẹ́nu agogo ìjọ nílé wa. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún un lójúkojú. Àwọn ẹbí wò yíká, wọ́n ní èmi ni kí n lọ sílé Bàbá Adéjàre, nítorí pé mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n rán mi létí pé mi ò gbọdọ̀ tọrọ agogo.

Mo bá a ní pálọ̀. Eruku wà lórí rédíò, eruku wà lórí àga, ó wà lórí fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó kú. Afẹ́fẹ́ rọ̀ lára ògiri lókè orí rẹ̀. Kò sí eruku kankan lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un.

"Ṣé ó ránṣẹ́ sí mi?"

Mo wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. "Ó ní a ò gbọdọ̀ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín, sà."

"Olórí kunkun ni bàbá ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ké igbe yẹn lọ́jọ́ náà ni. Ó ní inú ìlù ló wà. Irọ́ ni!"

"Mo ti wo fídíò àwọn ará ibẹ̀, sà. Kò sí níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ tàn bí ti ẹni tó jàre ní kóòtù. "Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn! Wọ́n ní mò ń ṣe bí ọmọdé!" Ó nàka sí mi. "Ìwọ ló kàwé. Àlàfo tí wọ́n máa ń fi síbẹ̀ yẹn ńkọ́, èyí tí Pásítọ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀?"

"Òun náà kò sí níbẹ̀, sà. Ní ti àwọn, agogo ńlá ló ń dún níbẹ̀."

Ọwọ́ tó nà sí mi dúró lókè bẹ́ẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀ sórí itan. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó tún wo ògiri. Ó ní, "Máa lọ. Mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe." Mi ò rí iṣẹ́ kankan.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé pósí síwájú ìta ṣọ́ọ̀ṣì, a fi fìlà onírù lé e lórí. Àwọn ìyá kan ní kò tọ́ kí opó máa lùlù níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Màmá kọ́ Ìkùukùu sí ọrùn, ó bi wọ́n pé ta ni yóò bá òun lù ú nínú wọn. Kò sí. Múfú lu Òjò. Èmi mú Ààrá. Mo wo àga àwọn díákónì tí wọ́n gbé síta. Ti Bàbá Adéjàre ṣófo.

A bẹ̀rẹ̀. A dé ibi àlàfo, a gbé ọwọ́ sókè, a dákẹ́. Kò sí nǹkan kan. A yípo, a tún dé ibẹ̀, a tún dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Mo ti ń gbà lọ́kàn mi pé ohun kan ṣoṣo tí Bàbá bèèrè kò ní ṣeé ṣe, àti pé ẹ̀bi rẹ̀ kò ju ìlàjì lọ. A tún dé ibẹ̀.

Agogo ńlá dún láti ẹ̀yìn igi máńgòrò. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dún, ohùn rẹ̀ sì gba àárín gbogbo wa kọjá lọ sí ọ̀nà títì.

Bàbá Adéjàre jáde. Àpò ìrẹsì tó fi bo agogo náà ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé agogo, ó fi ọwọ́ kejì di fìlà rẹ̀ mú gírígírí. Báyìí ló ṣe rìn dé ẹ̀gbẹ́ pósí. Ó wo fìlà onírù náà.

"Ṣé ẹ ti so ìrù yẹn mọ́lẹ̀?"

"A ti so ó, sà."

Kò gbà wá gbọ́. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo mìíràn ti ń bọ̀, ọwọ́ méjì ni Afẹ́fẹ́ sì ń gbà, ọwọ́ kan fún agogo, ọwọ́ kan fún ọ̀pá. Mo rí i bó ṣe ń ṣe ìṣirò náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí pósí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá, ó sì lu agogo lákòókò rẹ̀ gan-an.

Eteetí dúdú kirikiri. Àárín funfun báláú.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìjọ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Màmá. Ó ń lu Ìkùukùu lọ, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Adéjàre, títí dòní, o ò tíì ra ọ̀dà tó kárí orí!"

"Ta ló ń wo àárín?" ni Bàbá Adéjàre dáhùn.

A bá ìlù lọ. Bàbá Adéjàre ń tẹ̀ ba, ó ń dìde, orúnkún tirẹ̀ náà ń ké. Nígbà tó yí dé iwájú pósí, ó dúró, ó gbé ojú lé e bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ san nǹkan padà fún ẹni tí òun ti jẹ ní gbèsè tipẹ́, ó wá pariwo tó bí ọkàn rẹ̀ ṣe lè gbé e: "Ọ́lùsúù!"

Kò sí níbẹ̀. Mo ti wo gbogbo fídíò náà.

Gbogbo ìjọ ní, "Àmín."